Kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Guangzhou, ibo la ó sùn sí?

Ọ̀rọ̀ wa tòní kan gbogbo ẹni tó ní ọmọ, àbúrò tàbí ọkọ tó ń múra àtilọ sí Ṣáínà, yálà ó ń lọ ra ọjà ni o, tàbí ó ń lọ kàwé. Ní Tòkpá ní Kútọnu, ní ọjà Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìsọ̀ tí ẹ kò ti ní rí ẹrù Ṣáínà kò pọ̀ mọ́: aṣọ, bàtà, fóònù, táyà alùpùpù, àwo, iná tí ń lo oòrùn. Ẹni tó ń ta á fẹ́ lọ rà á níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí a bá jókòó ti ẹni tó ń múra ìrìn-àjò yìí, ìbéèrè rẹ̀ kì í ju mẹ́ta lọ: èló ni tíkẹ́ẹ̀tì, báwo la ṣe ń rí físà gbà, èló ni wọ́n ń gbà lórí kọ̀ǹténà? Ìbéèrè kẹrin kì í sábà jáde: ta ni yóò gbà mí sílé, irú ìwé wo ni yóò sì fún mi?

Èrò tiwa ni pé ìbéèrè kẹrin yìí ló yẹ kó ṣáájú. Ní Ṣáínà, ilé tí àlejò ń gbé ló ń gbé físà rẹ̀ ró. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò bá ní ìwé, owó ọjà rẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti òmìnira rẹ̀ wà lórí omi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn ènìyàn wa ń gbé. Guangzhou ni olú ìlú ẹkùn Guangdong, ní gúúsù Ṣáínà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ ọjà ńlá tí a mọ̀ sí Canton Fair, láti ọdún 1957. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin àti ní oṣù kẹwàá, nígbà náà sì ni owó ilé ìtura máa ń fò sókè. Àwọn ará Áfíríkà tó ti débẹ̀ mọ Xiaobei àti Sanyuanli bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Láàárín ìlú, owó ilé wọ́n, ọlọ́pàá sì ń yẹ ìwé wò lemọ́lemọ́. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ti sún sí ẹ̀yìn ìlú. Àwọn kan wà ní apá àríwá Baiyun, àwọn kan wà ní Panyu, àwọn mìíràn sì sọdá sí Nanhai, tó jẹ́ ti ìlú Foshan. Foshan fara ti Guangzhou bí Calavi ṣe fara ti Kútọnu. Láti ọdún 2010 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti so ìlú méjèèjì pọ̀. Ẹni tó sùn ní Nanhai lè jí lọ sí ọjà Guangzhou, kó sì padà sílé lálẹ́.

Ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí, àwọn abúlé àtijọ́ wà tí ìlú ti gbé mì. Àgbẹ̀ ni àwọn onílé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oko wọn di ilé iṣẹ́ àti títì, wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́fà tàbí méje sórí ilẹ̀ tó ṣẹ́kù, wọ́n sì ń fi yá àlejò. Àwọn ilé náà sún mọ́ra débi pé àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ń pè wọ́n ní ilé bọ̀-mí-lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó dúró ní fèrèsé ilé kan lè na ọwọ́ bọ ẹni tó wà ní fèrèsé ilé kejì lọ́wọ́. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, aṣọ kì í tètè gbẹ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ rọrùn. Kì í ṣe àwọn ará Áfíríkà nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ Ṣáínà tó wá láti abúlé jíjìn láti wá ṣiṣẹ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. A kò rí àbùkù nínú kí ènìyàn gbé ibi tí agbára rẹ̀ ká. Ìwé ilé náà la ń béèrè.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Òfin Ṣáínà lórí ìwọlé àti ìjáde, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2013, sọ pé àlejò tí kò bá dé sí ilé ìtura gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò láàárín wákàtí 24 tó wọ ilé. Òun fúnra rẹ̀ lè lọ, ẹni tó gbà á sílé náà sì lè bá a lọ ṣe é. Bó bá jẹ́ ilé ìtura ló dé sí, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló máa ń ṣe é fún un. Wọn kì í gba owó. Ní àwọn ìlú kan, a tilẹ̀ lè ṣe é lórí fóònù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni ìwé ìrìnnà pẹ̀lú físà, ìwé àdéhùn ilé, àti ẹ̀dà ìwé tó fi hàn pé onílé ló ni ilé. Bí ènìyàn bá kó lọ sí ilé mìíràn, yóò tún un ṣe.

Tákàdá kékeré kan ni wọ́n máa fún un. Ẹ má fojú kéré tákàdá yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, wọ́n á béèrè rẹ̀. Oníṣòwò tó fẹ́ fi ọjọ́ kún físà rẹ̀, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ lè gba ìkìlọ̀, ó sì lè san owó ìtanràn tó lè tó 2,000 yuan, nǹkan bí 160,000 FCFA nínú owó wa. Ẹni tí ọjọ́ físà rẹ̀ bá wá kọjá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: 500 yuan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, títí dé 10,000 yuan, tàbí kí wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe so kọ́ra. Onílé kan kò fẹ́ san owó orí lórí owó ilé tó ń gbà, nítorí náà kò fẹ́ kọ ìwé. Ó dín owó ilé kù díẹ̀, inú àlejò dùn. Láìsí ìwé àdéhùn, ọlọ́pàá kò ní orúkọ ilé tí wọn yóò kọ sílẹ̀. Láìsí ìforúkọsílẹ̀, ẹni náà kò lè fi ọjọ́ kún físà. Bí físà bá kú, ẹ̀rù kò ní jẹ́ kó jáde lọ yẹ ọjà wò, àwọn tó ń bá a ṣòwò yóò mọ̀, wọn yóò sì máa rẹ́ ẹ jẹ nítorí wọ́n mọ̀ pé kò lè fẹjọ́ sùn. Owó díẹ̀ tó rò pé òun jèrè lórí ilé ti jẹ òwò run. Ẹni tó ra ẹran olówó pọ́ọ́kú, egungun ni yóò máa họ.

Ọ̀rọ̀ kejì nira láti sọ, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Àwọn onílé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ ohùn lórí fóònù, ilé wà. Bí wọ́n bá rí àwọ̀ ara, ilé ti tán. Àwọn kan nínú wọn ń sá fún wàhálà àgọ́ ọlọ́pàá. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ àlejò sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí ìwé ẹni náà má lọ bàjẹ́ kó di ọ̀ràn sí wọn lọ́rùn, nítorí òfin náà ń fìyà jẹ ẹni tó bá fi àlejò tí kò ní ìwé pamọ́ sílé. Irú àwọn wọ̀nyí, bí ẹnì kan tó gbọ́ èdè wọn bá ṣàlàyé, tó sì bá wọn lọ sí àgọ́, wọ́n lè gbà. Àwọn kan tún wà tí wọ́n kórìíra ènìyàn dúdú ni. Àwọn yẹn, kò sí àlàyé tó yẹ ká jókòó máa ṣe fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà wọn ni. Ìwà àìtọ́ ni, orúkọ tó yẹ ká máa pè é náà nìyẹn.

A kò gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2020. Nígbà tí àrùn kòrónà ń jà, wọ́n lé àwọn ará Áfíríkà jáde ní ilé tí wọ́n ti san owó rẹ̀ ní Guangzhou. Àwọn ilé ìtura kọ̀ wọ́n. Àwọn kan sun ojú títì pẹ̀lú báàgì wọn. Gbogbo ayé ló rí àwòrán rẹ̀. Àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Beijing kọ̀wé sí mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Ṣáínà, Wang Yi. Moussa Faki tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan Áfíríkà nígbà náà pe aṣojú Ṣáínà, ó fi ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ hàn. Ní Nàìjíríà, olórí ilé aṣòfin kékeré nígbà náà, Femi Gbajabiamila, bá aṣojú Ṣáínà wí ní gbangba. Lẹ́yìn ariwo yẹn ni àwọn aláṣẹ Guangdong kéde pé ìgbà kan náà ni kí a máa wọn fún gbogbo àlejò. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò fara sin: nígbà tí a sọ̀rọ̀ pọ̀ ni wọ́n gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó dúró lójú títì pẹ̀lú báàgì, tí kò ní ìwé ilé lọ́wọ́, kò sí ohun tó lè fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Àṣà tó wọ́pọ̀ ní Ṣáínà ni kí agbélé san owó oṣù kan fún ìdógò, èyí tí a ń pè ní caution lọ́dọ̀ wa, kó sì san owó oṣù mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ń gba ìdógò oṣù méjì, wọ́n á wá máa gba owó ilé lóṣooṣù. Àwọn alágbàtà ilé náà wà níbẹ̀, bí àwọn démarcheur tiwa, owó tí wọ́n sì máa ń gbà sábà jẹ́ ìdajì owó oṣù kan tàbí odindi rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní yàrá kan jẹ́ 2,000 yuan lóṣù. Ìdógò 2,000, oṣù mẹ́ta 6,000, alágbàtà 1,000. Ó di 9,000 yuan kí ènìyàn tó gbé ìrọ̀rí wọlé, nǹkan bí 720,000 FCFA. Kò tíì ra ìkòkò, kò tíì san owó omi àti iná. Ẹni tí kò bá ka owó yìí mọ́ owó ìrìn-àjò, inú owó ọjà ni yóò ti yọ ọ́, ọjà ni yóò sì dín kù.

Owó sísan pọ̀ náà ní ewu. Ní ìparí ọdún 2020, ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ilé yá ènìyàn ní àwọn ìlú ńlá Ṣáínà, Danke lorúkọ rẹ̀, wọ gàù. Ó ti gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ agbélé, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ yá owó ní báńkì láti san án, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń san tirẹ̀ fún àwọn onílé. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, onílé kò rí owó gbà, wọ́n wá ń lé agbélé tó ti san owó tirẹ̀ pé. Ọmọ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jìyà yìí. Bí ọmọ onílẹ̀ tó gbọ́ èdè bá lè jìn sí irú kòtò yẹn, kí ni àlejò yóò ṣe? Kó má san ju oṣù mẹ́ta lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn yóò dín owó kù fún un.

Ewu kẹta ni ẹni tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní onílé kejì. Ó yá ilé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó gé e sí yàrá kéékèèké, ó ń fi yá ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn ẹni tó ni ilé kò mọ̀ rárá. Ọjọ́ tó bá mọ̀, gbogbo wọn á jáde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kó ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ilé hàn òun, kó wò ó bóyá orúkọ tó wà lórí rẹ̀ bá orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó ń gbowó mu. Bí kò bá bá a mu, kó béèrè ìwé tí onílé fi fún un láṣẹ. Kí ó ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀, ẹnu ọ̀nà àti mítà iná àti omi ní ọjọ́ tó wọlé, kí wọ́n má bàa fi ohun tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ jẹ owó ìdógò rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìwé gidi, òfin wọn ń gbèjà rẹ̀, àlejò ni o, ọmọ onílẹ̀ ni o. Ìwé òfin ìbágbépọ̀ Ṣáínà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021 sọ pé bí onílé bá ta ilé, ẹni tó rà á kò lè tìtorí ìyẹn lé agbélé kí àdéhùn rẹ̀ tó pé. Ó sọ pé onílé ló ni àtúnṣe ilé, àyàfi bí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ó tún sọ pé àdéhùn tó bá tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Bí kò bá sí nínú ìwé, tí wọn kò sì lè sọ iye oṣù tí wọ́n fohùn sí, onílé lè ní kí agbélé jáde, bó bá ṣáà ti kìlọ̀ fún un ṣáájú. Ààbò wà, ṣùgbọ́n inú ìwé ló wà.

A mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan yóò máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, “Ẹ̀yin ọmọdé oníròyìn, àwa lọ́jọ́ tiwa, ènìyàn mẹ́jọ la sùn nínú yàrá kan ní Guangzhou, a sì kó ọjà wálé.” A kí wọn, a sì gbà pé wọ́n jìyà kí á lè rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti yí padà. Ìwé ìrìnnà, fóònù, owó sísan àti ilé ti so pọ̀ mọ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ní Ṣáínà òde òní. Ẹni tó gba ọmọ ìlú rẹ̀ sílé láìforúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ti fi ìwé tirẹ̀ náà sínú ewu. Ìfẹ́ ará ilé kò ní ká jùmọ̀ ṣubú sínú kòtò kan náà. Bí ẹ bá gbà á sílé, ẹ mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Kí la wá fẹ́ kí á ṣe? Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ oníṣòwò nìyí. A ní àjọ àti èsúsú fún ìsìnkú, fún ìgbéyàwó, fún ọjà. Ẹ jẹ́ ká ní ti ilé náà. Kí ẹgbẹ́ máa yá ẹni tó ń lọ ní owó ìdógò, kó san án padà nígbà tó bá ta ọjà. Kí àwọn tó ti débẹ̀ kọ orúkọ àdúgbò àti àwọn onílé tó ń gba ènìyàn wa pẹ̀lú ìwé sílẹ̀, kí wọ́n máa fi lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ẹni tó ṣíwájú jìn sí kòtò, ó yẹ kó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Èkejì, a ní àwọn ọmọ tó gbọ́ èdè náà. Láti ọdún 2009 ni ilé ẹ̀kọ́ Confucius ti wà ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Àwọn ọmọ wa tó kàwé níbẹ̀ lè ka ìwé àdéhùn ilé lórí fóònù fún ìyá tó wà ní Foshan, kó tó tẹ̀ka sí i. Iṣẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká san owó rẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀dọ̀ ìjọba. Ilé iṣẹ́ aṣojú Benin wà ní Beijing. Láti ibẹ̀ dé Guangzhou ju 2,000 kìlómítà lọ. A ń bẹ wọ́n kí òṣìṣẹ́ kan máa wà ní Guangzhou ní gbogbo ìgbà Canton Fair, kí wọ́n sì kọ òfin wákàtí 24 yìí ní Faransé àti ní èdè tí a ń sọ nílé, kí wọ́n máa fún gbogbo ẹni tó bá gba físà. Ní ọdún 2024, ìjọba Ṣáínà fúnra rẹ̀ sọ pé kí àwọn ilé ìtura má ṣe lé àlejò ilẹ̀ òkèèrè padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn aṣojú wa mú ọ̀rọ̀ yẹn bá wọn, kí wọ́n bi wọ́n léèrè nípa àwọn onílé pẹ̀lú. Àwọn ọmọ Ṣáínà ń ṣòwò ní Kútọnu, wọ́n ń rí ilé yá. Ohun tí a ń fún àlejò wọn ni a ń béèrè fún tiwa.

Ṣùgbọ́n kí ẹnu wa tó lè gbà á, ẹ jẹ́ ká gbá ẹ̀yìnkùlé tiwa náà. Ṣé kò sí onílé ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu tó ń gbọ́ ohùn àlejò kó tó dá owó ilé lé e? Ṣé kò sí ẹni tó ń gba caution jù bó ṣe yẹ, tí kò sì fẹ́ kọ ìwé? Orílẹ̀-èdè wa ti ṣe òfin lórí ilé yíyá ní ọdún 2018. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e nílé lè fi ìgboyà bi ẹlòmíràn léèrè ní òkèèrè.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ bá wá dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ fún àdúrà ìrìn-àjò, ẹ gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn àdúrà, ẹ bi í ní orúkọ àdúgbò tó ń lọ, orúkọ ẹni tó ni ilé, àti iye owó tó yà sọ́tọ̀ fún ìdógò. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó dúró di ìgbà tó bá lè dáhùn. Ìwé ilé ni kí á kọ́kọ́ kà, kí á tó ka owó ọjà.